Láti "Olórí Kunkun" dé "Ọmọ Tó Ń Fẹ́ Ìrànwọ́": Ìtàn Iṣẹ́ Àṣetiléwá àti Ọmọ Tí Kì Í Jókòó Jẹ́ẹ́, pẹ̀lú Àkíyèsí lórí Command ní Alímọ̀ṣọ́

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọ pinpin ìtàn orúkọ tí àwùjọ ń fún ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan nídìí ìwé, àti irú ìrànwọ́ tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ń mú wá fún un nínú ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀kọ́ ilé láyé àtijọ́, ó gba orí ìdásílẹ̀ ilé ìwé ní Àgbádárìgì ní 1843 àti ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí Command ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé nígbà tí àgbà bá tún iṣẹ́ ṣe kí ó lè bá ọmọ mu, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa rí ọwọ́ mú. Nígbà tí wọ́n bá fi ipá tẹ ọmọ kí ó lè bá iṣẹ́ mu, ọmọ ni ó ń pàdánù.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Ìgbàgbọ́ yìí kò mọ sórí orúkọ tí a sọ ọmọ ní ọjọ́ kẹjọ nìkan. Ó kan orúkọ tí òbí àti olùkọ́ fi ń pe ọmọ nígbà tí inú bá ń bí wọn. Bí ọmọ bá kọ̀ láti jókòó ti ìwé rẹ̀, orúkọ bíi olórí kunkun, alágídí, ọ̀lẹ àti aláìgbọràn kì í jìnnà sí ẹnu àgbà. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni tí a bá pè ní ọ̀lẹ, pàṣán ni a ó wá fún un. Ẹni tí a bá pè ní ẹmèrè, ilé babaláwo tàbí orí òkè àdúrà ni a ó mú un lọ. Ẹni tí a bá sì gbà pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀nà ìkọ́ni mìíràn ni a ó wá fún un. Nípa bẹ́ẹ̀, ìtàn orúkọ irú ọmọ yìí ni ìtàn ìrànwọ́ tó rí gbà àti èyí tí wọ́n fi dù ú.

Command tí àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ wà láàárín Ìpájà àti Àyọ̀bọ́, ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn ológun tó wà ní Ìpájà ni àwọn ará ìlú fi ń júwe àdúgbò náà títí orúkọ fi mọ́ ọn lára. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ilẹ̀ oko sì ni kí Èkó tó gbòòrò dé ibẹ̀. Nígbà ìkànìyàn 2006, àwọn olùgbé Alímọ̀ṣọ́ lápapọ̀ ti ju mílíọ̀nù kan lọ. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìran díẹ̀ péré ló wà láàárín ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ nídìí ọkọ́ àti ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lábẹ́ iná jẹnẹrétọ̀. Ìdí nìyí tí ìyípadà tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ fi hàn kedere níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Nínú Ilé Kí Ìwé Tó Dé

Nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tó jáde ní 1974, Babs Fafunwa ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ ní ète tirẹ̀: ó ń tọ́jú ara ọmọ, ìwà rẹ̀, òye rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ipò rẹ̀ láàárín ẹbí àti ìlú. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ni ni ó jẹ àpilẹ̀kọ yìí lógún jù. Ọmọ kì í jókòó kí a máa ka iṣẹ́ oko sí i létí. Bàbá rẹ̀ a mú un lọ sóko, a fún un ní ọkọ́ kékeré, a sì pín ìwọ̀nba ibi tí yóò ro fún un. Bí ó bá ro èyí tán, a sinmi, a lọ wo pàkúté ẹmọ́ tó dẹ, a sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọbìnrin tó bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà ń ka owó, ó ń ṣírò èrè, ó ń gbọ́ bí a ṣe ń ná ọjà, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ìṣirò ni òun ń kọ́.

Ohun mẹ́ta wà nínú ètò yìí tó ṣe ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lóore. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ a máa wá ní ìwọ̀n kékeré tó ní òpin. Èkejì ni pé ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu ń ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú ọkàn. Ẹ̀kẹta ni pé àgbà wà nítòsí tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Àlọ́ alẹ́ náà tẹ̀ lé ìlànà yìí. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ pa kí wọ́n tó bọ́ sórí àlọ́ àpagbè. Ìbéèrè kúkúrú àti ìdáhùn kúkúrú yìí ni ó ń kó ọkàn àwọn ọmọ jọ. Nígbà tí ìtàn bá sì gùn, orin wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ọmọ yóò gbè, tí wọn yóò sì pàtẹ́wọ́ sí. Ọmọ tí kò lè dákẹ́ rí ohun tí yóò fi ẹnu rẹ̀ ṣe. Ariwo rẹ̀ di ara eré. Ẹni tó ń kọ́ Ifá pàápàá, tó lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń kọ́ ẹsẹ Ifá. Ó ń fi ọwọ́ gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀, ó ń tẹ odù sójú ọpọ́n, ó sì ń kọ́ oògùn àti ìrúbọ níbi tí ọ̀gá ti ń ṣe é. Ní ilé kéwú, èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ibi tó kà dé lórí wàláà tirẹ̀. Ẹni tó yára kò dúró de ẹni tó ń fà, ẹni tó ń fà kò sì di ẹni tó "fìdí rẹmi". Àwọn àgbà mọ̀ pé iyè ènìyàn kò jí bákan náà. Ìdí nìyẹn tí ìsọ̀yè fi wà lára oògùn tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń gbàgbé nǹkan, wọ́n kà á sí ẹni tí a lè ràn lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ayé àtijọ́ kì í ṣe ọgbà ìdẹ̀ra fún gbogbo ọmọ. Pàṣán wà lọ́dọ̀ alùfáà onílé kéwú àti lọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tàbí tó ń bá ara rẹ̀ nìkan ṣeré, tí kì í wo ojú ènìyàn, lè di ẹni tí wọ́n ń pè ní ẹmèrè tàbí ẹlẹ́gbẹ́. Orúkọ yìí a máa kó ẹ̀rù bá òbí, a sì máa jẹ́ kí wọ́n fi ọmọ pamọ́. Ètò ìkọ́ni àtijọ́ gba ọmọ tó ń ta gìrì mọ́ra. Kò fi gbogbo ìgbà gba ọmọ tó dákẹ́ jù mọ́ra.

Ìwé Dé, Ìjókòó Dé

Ní 1843, àwọn míṣọ́nnárì Wẹ́sílì dá ilé ìwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ní 1859, ìjọ CMS dá ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó. Ilé ìwé wọ̀nyí mú àǹfààní ńlá wá, àmọ́ wọ́n tún mú àṣà tuntun kan wá, ìyẹn ni kí ọmọ jókòó lójú kan, kí ó dákẹ́, kí ó sì kọjú sí pátákó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1882 so apá kan nínú owó ìrànwọ́ ilé ìwé mọ́ èsì ìdánwò àwọn ọmọ. Nítorí náà, olùkọ́ tó fẹ́ kí owó wọlé ní láti rí i pé ọmọ há ohun tí alábẹ̀wò yóò béèrè sórí. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń rìn di ẹni tó ń dá gbèsè sọ́rùn ilé ìwé.

Ìyípadà yìí kan ilé pẹ̀lú. Bàbá tó lè fi ẹ̀rọ̀ kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ọ̀nà kò mọ ohun tó wà nínú ìwé ABD tí ọmọ gbé wálé. Ó mọ̀ pé ìwé lérè, ó sì fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò lè jókòó tì í kí wọ́n jọ ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe jọ ń ro oko. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni àṣẹ: "Jókòó! Kàwé rẹ!" Báyìí ni àgbà ṣe kúrò ní alábàáṣiṣẹ́ ọmọ, tó sì di ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọmọ nídìí ìwé.

Kò yẹ kí a rò pé àwọn òyìnbó tó gbé ilé ìwé wá mọ ọ̀rọ̀ irú ọmọ yìí nígbà náà. Ní 1896 ni oníṣègùn kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan tó gbọ́n dáadáa ṣùgbọ́n tí kò lè kàwé. Ní 1902, George Still sọ àsọyé ní Lọ́ńdọ̀nù nípa àwọn ọmọ tí làákàyè wọn pé ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ọkàn sí nǹkan tàbí kó ara wọn níjàánu. Èyí tó yani lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ ìwà ni Still fi ṣe orúkọ fún un: ó pè é ní àléébù nínú agbára tí ọmọ ní láti ṣàkóso ìwà rẹ̀. Olórí kunkun tí bàbá ń pe ọmọ ní Ìpájà àti orúkọ tí oníṣègùn fún un ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.

Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́, Kíláàsì Tó Kún àti Orí Tó Ń Gbóná

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kìíní 1955, ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Iye ọmọ ilé ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 sí ohun tó ju 811,000 lọ ní 1955. Ìpájà àti agbègbè rẹ̀ wà lábẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn nígbà náà, torí pé oṣù Karùn-ún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ alágbàṣe àti ọmọ aláròóbọ̀ wọ kíláàsì pọ̀. Oríire ńlá ni èyí. Àmọ́ kíláàsì kún, àwọn olùkọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ pọ̀, ọmọ tó nílò àkíyèsí ọ̀tọ̀ sì sọnù sáàárín èrò. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ètò kan náà ní 1976, Èkó ti ń pín ọmọ sí ti òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán nítorí àìtó yàrá ìkàwé. Ìjọba Lateef Jákàńdè, tó wà lórí àlééfà láti 1979 sí 1983, kọ́ ọ̀pọ̀ yàrá ìkàwé, ó sì fòpin sí ètò onípín-méjì náà. Ìjọba yìí kan náà ni ó kọ́ ilé alábọ́ọ́dé sí Abẹ́sàn ní Ìpájà, èyí tó wà lára ohun tó fa èrò wá sí agbègbè Command.

Ní àárín àwọn ọdún wọ̀nyí, orúkọ mìíràn yọjú. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé ní 1960 nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní "brain fag". Orí wọn ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lórí, ojú wọn ń ṣú, ohun tí wọ́n ń kà kò sì yé wọn mọ́. Prince rò pé ìwé àdákà, tí ènìyàn yóò ti ara rẹ̀ mọ́lé láti há sórí, ta ko àṣà tí wọ́n ti bá dàgbà, níbi tí àgbà àti ọmọ ti jọ ń kọ́ nǹkan. Olúfẹ́mi Mọ́rákinyọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tún yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní 1980, ó sì gbé àlàyé tirẹ̀ kalẹ̀ nípa bí ìfòyà àti àṣejù nídìí ìwé ṣe ń da ara rú. Ní 1987, Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí, orúkọ tí Yorùbá fún irú ìrírí tó jọ èyí. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi "brain fag" sínú àkójọ àìsàn tó bá àṣà mu ní 1994. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun jáde ní 2013, orúkọ náà kò sí níbẹ̀ mọ́, torí pé ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ya àníyàn tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Bó ti wù kí ó rí, àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ṣe ohun kan tí pàṣán kò ṣe rí: wọ́n béèrè ohun tó ń dun akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀.

Ètò Ifẹ̀ tí Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 tún ìbéèrè náà gbé yẹ̀ wò láti ọ̀nà mìíràn. Ní ilé ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọmọ tó dà bí aláìfọkànsí lè jẹ́ ọmọ tí a ń bá sọ̀rọ̀ ní èdè tí kò tíì yé e.

Orúkọ Tuntun àti Òfin Tuntun

Ní òkè òkun, orúkọ irú ọmọ yìí ń yí padà. Leo Kanner kọ̀wé nípa ọmọ mọ́kànlá tó ní ọ́tísíìmù ní 1943, Hans Asperger sì tẹ̀ lé e ní 1944. Ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà pe àìlèjókòó-jẹ́ẹ́ ní àìsàn ìgbà èwe ní 1968. Ní 1980 ó gbé ìnira àtifọkànsí-nǹkan ṣáájú. Ní 1987 ó so méjèèjì pọ̀ lábẹ́ orúkọ tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí ADHD lónìí. Àwọn kan rò pé àìsàn òyìnbó ni gbogbo èyí. Victor Lotter wá ọ́tísíìmù láàárín àwọn ọmọ ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, ó sì rí i, gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ti 1978 ṣe fi hàn. Ní 2007, Adewuya àti Famuyiwa gbé ìwádìí jáde lórí ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 1,112 ní Nàìjíríà, ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àmì ADHD. Bí a bá fi ìdá yìí wọn kíláàsì ọmọ àádọ́ta, ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni.

Ìjọba náà kò dákẹ́ pátápátá. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ní àyè, ọdún náà sì ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní 2011. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn tó ní ìpèníjà; òfin ti ìjọba àpapọ̀ gba òǹtẹ̀ ní oṣù Kìíní 2019.

Ìkìlọ̀ kan pọn dandan níhìn-ín. Kì í ṣe gbogbo olórí kunkun ló ní ADHD. Ọmọ mìíràn kò gbọ́ràn dáadáa, òmíràn kò ríran dé ojú pátákó, ebi ń pa òmíràn, òmíràn kò sì sùn tó nítorí aago márùn-ún òwúrọ̀ ni bọ́ọ̀sì ilé ìwé fi ń gbé e. Olùkọ́ kò ní àṣẹ láti fi orúkọ àìsàn pe ọmọ. Oníṣègùn tó kọ́ṣẹ́ ló ni ín. Iṣẹ́ olùkọ́ ni kí ó kíyè sí i, kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kí ó sì tọ́ òbí sọ́nà.

Ìrọ̀lẹ́ ní Command

Ní agbègbè yìí, òbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí ní Erékùṣù a máa pẹ́ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ. Ọmọ a ti ilé ìwé bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń pè ní lẹ́sìnnì. Nígbà tí òbí bá fi máa dé, ilẹ̀ ti ṣú, iná lè má sí, ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò sì ń wọlé. Àkókò tí àgbà àti ọmọ ti rẹ̀ jù ni wọ́n ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ti ilé ìwé pa láti ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹta 2020 nítorí àrùn kòrónà, tí wọ́n ń kọ́ni lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ilé di ilé ẹ̀kọ́ padà lójijì. Ọ̀pọ̀ òbí ní láti jókòó ti ọmọ wọn látàárọ̀, ìnira tí olùkọ́ nìkan ń rí tẹ́lẹ̀ sì hàn sí àwọn náà.

Ìtàn tí a ti tọ̀ yìí ní ohun tó lè fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, kí iṣẹ́ wá ní ìwọ̀n oko ọmọdé: ìṣirò márùn-ún, kí ọmọ dìde, kí ó lọ pọn omi wá, kí ó sì padà ṣe márùn-ún mìíràn. Èkejì, kí àṣẹ jẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. "Mú ìwé ìṣirò rẹ wá" yé ọmọ ju "Lọ múra, kó ìwé rẹ, kí o sì ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ" lọ. Ẹ̀kẹta, kí a lo ẹnu: kí ọmọ kà á sókè, kí a fi àlọ́ àpamọ̀ mẹ́ta ṣí ìjókòó náà, kí a kì í ní oríkì rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí àgbà jókòó nítòsí pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tó ń kọ̀wé ń ṣe ohun tí bàbá àgbẹ̀ ṣe lóko. Ẹ̀karùn-ún, kí ìyìn tẹ̀ lé iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ohun wọ̀nyí kò jìnnà sí ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ báyìí: ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2019 ní kí a kọ́kọ́ kọ́ òbí ní ọ̀nà ìtọ́ni bí ọmọ tó ní ADHD kò bá tíì pé ọdún mẹ́fà, kí a tó ronú nípa oògùn.

Àmọ́ kì í ṣe òbí nìkan ló ni ẹrù yìí. Olùkọ́ ló ń fún ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ìṣirò márùn-ún bá tó láti fi hàn pé ọmọ mọ ìsọdipúpọ̀, ogún ìṣirò kò ní kọ́ ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ ní ohun mìíràn ju pé kí ó kórìíra ìwé.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé olórí kunkun, ẹni tó fìdí rẹmi, ẹni tí orí rẹ̀ ń gbóná àti ọmọ tó ní ADHD lè jẹ́ ọmọ kan náà lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ayé àtijọ́ mọ bí a ṣe ń pín iṣẹ́ fún un, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù irú ọmọ mìíràn tí kò yé e. Ilé ìwé òde òní fún un ní ìwé, ṣùgbọ́n ó gba ẹsẹ̀ àti ẹnu rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn fún un ní orúkọ tí kò ní ẹ̀gàn nínú, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò tíì dé ọ̀pọ̀ ilé.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ ni ó lè gbà dé ibẹ̀. Ní òpin sáà, àwọn ni yóò kọ gbólóhùn kan sójú káàdì èsì ìdánwò, èyí tí òbí yóò kà ní Command, ní Ìkọ̀tún tàbí ní Ìgàndò. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ pé "olórí kunkun ni, kì í jókòó," pàṣán ni òbí yóò nawọ́ sí. Bí ó bá kọ ọ́ pé "ó mọ ìṣirò bí a bá pín in fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá kí a jọ sọ̀rọ̀," òbí yóò wá. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí olùkọ́ náà wo ọmọ dáadáa kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ.